Ahọ́n Tí Kò Ní Ihò

Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi ló kọ́kọ́ kọ iṣẹ́. Tí mo bá gbé òòlù sókè, á dà bíi pé ẹnìkan ń fi okùn fa iṣan mi láti inú. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò ní kí n sinmi. Mo bi í pé títí di ìgbà wo. Ó wo ojú mi, ó ní, "Mọ́mì, ẹ wá iṣẹ́ mìíràn." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Káfíńtà ni mí. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin la jọ ni ṣọ́ọ̀bù náà. Èmi ni mò ń gbẹ́ ihò, òun ló ń gé ahọ́n. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ wa, kó wo ẹsẹ̀ tábìlì tó dára: a kì í kan ìṣó mọ́ ọn. A máa ń gbẹ́ ihò onígun mẹ́rin sára igi kan, a ó wá gé orí igi kejì tẹ́ẹ́rẹ́ kó lè wọ inú ihò náà. Orí tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn là ń pè ní ahọ́n. Ihò ló máa ń ṣáájú. Tí ahọ́n bá tóbi jù, èèyàn lè fá a díẹ̀. Tí ihò bá tóbi jù, igi ti bàjẹ́ nìyẹn. Nítorí náà àbúrò mi kì í fọwọ́ kan ayùn àfi tí mo bá ti gbẹ́ ihò tèmi tán. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù.

Ó wá kú. Ó jẹun ọ̀sán tán, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó sùn, kò jí. Kò ṣàìsàn, kò ní orí ń fọ́ òun. Nígbà tí mò ń palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́ lẹ́yìn ìsìnkú, mo bá àwọn igi kan lábẹ́ tábìlì iṣẹ́ rẹ̀. Ó dì wọ́n ní ìdì, ó fi àpò bò wọ́n. Igi tó gbẹ dáadáa ni, ó ti fá wọn dán. Gbogbo wọn ló ti gé ahọ́n sí. Kò sí ihò kan ṣoṣo lára wọn.

N kò rí irú ẹ̀ rí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó gé ahọ́n kó tó rí ihò dà bí ẹni tó rán apá ẹ̀wù láìmọ ẹni tó máa wọ̀ ọ́. Mo tún wò wọ́n dáadáa. Àwọn ahọ́n náà tẹ́ẹ́rẹ́ ju irin ìgbẹ́gi mi lọ. Irin kan ṣoṣo ni mo ti ń lò láti ọjọ́ yìí wá, àbúrò mi sì mọ ìwọ̀n irin náà bó ṣe mọ ojú mi. Kò ṣi irú rẹ̀ gé rí. Mo da àpò bò wọ́n padà.

Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí.

Ìyàwó la ń pè é nínú ilé. Ìyàwó náà la sì ń pè é lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú, torí kò sẹ́ni tó mọ ohun tí à bá tún máa pè é. Wọn kò tíì bímọ. Yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń gbé, nígbà tí mo sì ní kó máa bọ̀ wá sọ́dọ̀ mi, ó ní òun kò lọ. Ìyá rẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́ pé kó padà wálé. Kò lọ. Oúnjẹ tí mo bá gbé síwájú rẹ̀ láàárọ̀, ibẹ̀ náà ni màá bá a ní ìrọ̀lẹ́, tí eèrà ti tò sí i. Aṣọ tó bá wọ̀ á máa yọ̀ ní èjìká rẹ̀. Ìyá rẹ̀ fà mí lọ sẹ́yìn ilé lọ́jọ́ kan.

"Ọmọ yìí ń bá a lọ," ó ní.

"Ó ń bá ta lọ?"

"Ẹ má jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ẹ̀yin lẹ wà pẹ̀lú rẹ̀. Ojú mélòó lẹ fi ń ṣọ́ ọ?"

"Méjèèjì ni."

"Ẹ lọ yá méjì sí i."

Èmi náà ti mọ̀ kó tó sọ ọ́. Mo ti sin ọ̀kan. N kò ní agbára àtisin èkejì. Mo kàn mọ̀ pé tí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù pa nítorí ọwọ́ mi, Ìyàwó á wà nínú yàrá yẹn láìgbọ́ ìró ohunkóhun, a ó sì ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ kan, a ó bá a bí a ṣe bá ọkọ rẹ̀. Iṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa lọ.

Ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ ihò wà. Mo rí i ní ilé iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ti ń ṣe ilẹ̀kùn. Mo dúró tì í, mo ń wo bó ṣe ń ṣe é, títí ọkùnrin tó ń lò ó fi bi mí pé ṣé mo fẹ́ fi ṣe ọkọ ni. Mo ní kó jẹ́ kí n wo ẹsẹ̀ rẹ̀ ná. Nígbà tí mo délé, mo yà á sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì. Kò le tó bẹ́ẹ̀. Mọ́tò kan dojú bolẹ̀, ó so mọ́ irin tó ń lọ sókè sódò. Ọ̀pá kan wà tí èèyàn á fi tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni igi á jókòó sí, irin pẹlẹbẹ kan á sì wà lẹ́yìn tí igi náà á fẹ̀yìn tì, kó má baà yẹ̀.

Mo tú mọ́tò lára ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga tẹ́lẹ̀. Mo gba irin bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ méjì fún ọ̀nà tí mọ́tò á máa gbà lọ sókè sódò. Ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ kan tó ti kú di ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pá jáàkì ọkọ̀ di ọwọ́ rẹ̀. Èyí tó ṣòro rí ni irin tó máa gbẹ́ igi gan-an. Irin náà ní igun mẹ́rin, inú rẹ̀ sì ṣófo. Irin ìlugi kan á máa yí nínú rẹ̀. Èyí tó ń yí á lu ihò róbótó, èyí tó dúró á gé igun rẹ̀. Mo rìn láàárín àwọn tó ń ta irin àlòkù títí ẹsẹ̀ mi fi wú. Ìsàlẹ̀ garawa kan tó kún fún ìdọ̀tí ni mo ti rí ọ̀kan ṣoṣo, ó ti dógùn-ún. Ẹni tó ń tà á kò mọ ohun tó jẹ́. Ó ní òun rò pé ara ìbọn ni. Kò sí nọ́ńbà lára rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì bá èyíkéyìí tí mo mọ̀ mu. Mo ní kò burú, ohun tó bá ti lè gbẹ́ ihò ti tó.

Wẹ́dà tó wà lójú ọ̀nà wa ló bá mi jó irin náà pọ̀. Díẹ̀díẹ̀ la ń pè é, torí ìdáhùn rẹ̀ fún gbogbo oníbàárà nìyẹn, ìbáà jẹ́ iṣẹ́ tó ti pẹ́ ju oyún lọ.

"Àǹtí, kí wá lèyí?" ó bi mí. "Ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ, orí ẹ̀rọ omi. Ṣé aṣọ ẹja lẹ fẹ́ máa rán ni?"

"Ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ ihò ni."

"Ihò? Ṣebí eku ń gbẹ́ ẹ lọ́fẹ̀ẹ́."

"Jó irin yẹn fún mi, jẹ́ kí eku sinmi."

Ó jó o. Irin gbóná, ó wọ́, mọ́tò há sójú ọ̀nà, kò lọ sókè, kò wá sódò. Mo fi fáìlì rẹ́ ẹ fún ọjọ́ púpọ̀, mo fi gíríìsì pa á, ó wá ń lọ geere. Díẹ̀díẹ̀ so sípíríǹgì mọ́ ọn tó máa máa fa ọ̀pá náà padà sókè. A tan iná sí i. Ihò àkọ́kọ́ rú èéfín. Mo lọ pọ́n irin náà dáadáa, mo tún un gbẹ́. Èyí mọ́ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo ki ìka bọ inú rẹ̀. Ó gbóná, etí rẹ̀ mú.

"Ẹ̀rọ ti dé," ni Díẹ̀díẹ̀ wí. Ó tẹ ọ̀pá náà lẹ́ẹ̀kan, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mo kọ́kọ́ rí i. Mo ti pa ẹ̀rọ náà. Mo ń gbá ẹ̀ẹ́rún igi jọ nígbà tí ọ̀pá náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá sílẹ̀. Kò já lulẹ̀. Pẹ̀lẹ́ ló ń bọ̀, bí ìgbà tí ẹni tó mọ iṣẹ́ bá ń tẹ̀ ẹ́, tí kò fẹ́ kí igi ya. Ó dé ìsàlẹ̀, ó dúró níbẹ̀ díẹ̀, ó tún gbéra padà sókè.

Mo pe Díẹ̀díẹ̀. Ó ní sípíríǹgì ló rọ̀. Ó gbé èyí tó le jù ú lọ wá, irú èyí tí wọ́n ń fi sí géètì. Ó so ó, ó dúró tì í títí, kò sún. Ó ní, "Àǹtí, ojú yín ń ṣe òkùnkùn." Bó ṣe lọ báyìí, ọ̀pá náà tún wá sílẹ̀.

Ìyàwó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó ń wò ó bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tó ń jẹun.

"Ọwọ́ òsì ló fi ń tẹ̀ ẹ́," ó ní.

"Ta ni?"

Ó wọlé. Ọlọ́wọ́ òsì ni àbúrò mi.

Ǹ bá ti tú ẹ̀rọ náà palẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí mo wọlé lọ kó àwo, mo bá a lófìfo. Ìyàwó ti jẹun. Ó ti jẹ ẹ́ tán, ó fọ àwo, ó dojú rẹ̀ dé. Mo dúró síbẹ̀, mo di àwo náà mú. N kò mọ ìgbà tí mo jókòó sórí àpótí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òun ló ṣáájú mi dé ṣọ́ọ̀bù. Ó ti tú ìdì igi ọkọ rẹ̀, ó tò wọ́n sílẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká parí iṣẹ́ yìí."

"Iṣẹ́ wo? A ò mọ ohun tó jẹ́. A ò mọ ibi tí ihò máa wà."

"Ó sàmì sí i."

Mo ti yẹ igi náà wò lọ́jọ́ tí mo rí i. Kò sí àmì kankan lára rẹ̀. Ó gbé ọ̀kan fún mi. Àmì wà lára rẹ̀, ti pẹ́ńsù, ó rí fẹ́ẹ́rẹ́, ó wọ́ sí apá òsì bí ìlà àbúrò mi ṣe máa ń wọ́. Mo ní bóyá ojú mi ló fò ó. Mo wá mú ahọ́n kan, mo fi ti ara irin ẹ̀rọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìwọ̀n kan náà ni wọ́n. Mo fi èékánná ìka fa ààlà wọn, kò kọ́ mi lọ́wọ́ níbì kankan.

Inú garawa ni mo ti ra irin náà, àbúrò mi sì ti wà nínú ilẹ̀ nígbà yẹn. Òun kò rí irin náà rí. Irin tí kò rí ló gé ahọ́n fún.

"Ẹ tan iná," ni Ìyàwó wí. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Mi ò tíì rí eyín rẹ̀ láti ìgbà ìsìnkú. Kí ni kí n ṣe? Mo tan iná.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láàárọ̀, mo ń ṣe ilẹ̀kùn àwọn oníbàárà. Lọ́sàn-án, a óò gbé igi àbúrò mi lé orí ẹ̀rọ. Tó bá jẹ́ igi oníbàárà, mo gbọ́dọ̀ fi ara tẹ ọ̀pá náà kó tó wọlé. Tó bá jẹ́ igi rẹ̀, ọwọ́ mi kàn wà lórí ọ̀pá ni, òun ló ń fà mí wálẹ̀. Mo ní gíríìsì ni. Ìyàwó ló ń gbé igi fún mi, òun ló ń yí i, òun ló ń to ahọ́n sínú ihò. Ahọ́n kọ̀ọ̀kan ń wọlé pẹ̀lú ìró kékeré kan, bí ìgbà tí èèyàn bá pa ètè dé. A kò lo gọ́ọ̀mù. Kò nílò rẹ̀.

Ó ń jẹun lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń yọ padà. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé tí òun bá gbàgbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, màá fi ro ọbẹ̀. Ìyá rẹ̀ wá wò ó, ó dì mọ́ mi, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ náà lórí bí ẹni ń súre fún ọmọ.

"Ẹni tó ṣe èyí kò ní rí ibi," ó ní. Ó wá wo igi tó wà nílẹ̀. "Kí lẹ ń ṣe gan-an?"

Òótọ́ ni pé n kò mọ̀. Mo ti ń gbẹ́ ihò bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, n kò gbé orí sókè wo ohun tó ń jáde.

"Ọkọ mi mọ̀ ọ́n," ni Ìyàwó wí, ó ń nu ẹ̀ẹ́rún igi kúrò ní apá.

Ìyá rẹ̀ wò mí. Ó lọ láìjókòó.

Òjò ńlá rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ tó ku díẹ̀ kí iṣẹ́ náà parí. Iná ti lọ lójú ọ̀nà wa látàárọ̀, n kò sì retí iṣẹ́ kankan. Mo dé láti ilé oníbàárà kan, omi ń ro tótó lára mi. Ìyàwó ti to gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí àárín ṣọ́ọ̀bù. Ó ku igi gígùn kan ṣoṣo. Igi náà wà lórí ẹ̀rọ, ó ti gbé e síbẹ̀ dè mí, ihò kan ló sì kù lára rẹ̀.

Mo wá rí ohun tí a ń ṣe. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì, kì í ṣe àga. Ó ní ìsàlẹ̀, ó ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin, ó ní òkè. Igi tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ló yí i ká, ọwọ́ lè yọ láàárín wọn, orí kò lè yọ. Ó dà bí àgò adìyẹ tí a ṣe fún èèyàn. Kò ní ilẹ̀kùn. Igi gígùn tó wà lórí ẹ̀rọ yẹn ló máa bo ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo tó ṣì ṣí sílẹ̀, òun ló máa ti gbogbo yòókù. Mo mọ iṣẹ́ mi. Tí igi yẹn bá ti wọlé, kò sí èyí tó tún lè jáde mọ́, àfi tí a bá fi ayùn gé e.

Ìyàwó wà nínú rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀, ó ká aṣọ rẹ̀ mọ́ra, orí rẹ̀ kan igi lókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan igi nísàlẹ̀. Ó fara mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀gbẹ́ kejì ṣófo. Àyè náà kéré fún ẹni tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹni tó bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ló lè gbà.

"Jáde níbẹ̀," mo ní.

"Àǹtí, ó bá mi mu."

"Mo ní kí o jáde."

"Àyè tiẹ̀ nìyí." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ibi tó ṣófo náà, bí èèyàn ṣe ń nu ẹní. "Ẹ kàn gbẹ́ ihò tó kù. Ó ti ń dúró láti ọjọ́ yìí."

"Iná kò sí."

"Ẹ wò ó."

Mo yíjú. Ọ̀pá náà ń bọ̀ wá sílẹ̀. Irin kan igi. Kò yí, torí kò síná. Ó kàn ń tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ bí igi náà ṣe ń ké lábẹ́ rẹ̀, díẹ̀, lẹ́yìn náà ó tún ké. Ẹ̀ẹ́rún kan yọ jáde, ó já bọ́ sílẹ̀.

N kò lọ síbi ẹ̀rọ. N kò gbàdúrà, n kò pariwo. Mo wo ahọ́n tó yẹ kó wọ inú ihò yẹn. Orí igi tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí Ìyàwó ló wà, ó yọ sókè, ó mọ́, ó dára. N kò rí ahọ́n tó dára tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àbúrò mi rí. Mo mú ayùn rẹ̀ lára ògiri, mo kúnlẹ̀, mo gbé eyín ayùn lé ìdí ahọ́n náà. Ọwọ́ ọ̀tún mi kò lè ṣe é. Mo fi ọwọ́ òsì dì í mú.

Ìyàwó gbé ojú sókè, ó rí ayùn náà.

"Àǹtí, ẹ má ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́. Mo ti dé ibi tó wà."

"Mo mọ̀."

"Àbúrò yín ni."

"Àbúrò mi ni. Ó ti kú. Ìwọ kò tíì kú."

Mo fa ayùn. Ọwọ́ òsì mi kò mọ iṣẹ́, ó ń ta kiri, ẹ̀ẹ́rún ń dà sí Ìyàwó lójú àti sínú irun, kò sì yí orí padà. Ó ń sunkún, kò pariwo. Lẹ́yìn mi, irin náà ń tẹ igi, ó ń yára sí i. Mo fà á títí ahọ́n náà fi já. Ó bọ́ sí àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Irin dákẹ́.

Ó wo orí igi tó ti di pẹlẹbẹ, tí kò lè di ohunkóhun mú mọ́.

"Ẹ ti bà á jẹ́," ó ní.

"Mo ti bà á jẹ́."

Ó gba ẹ̀gbẹ́ tó ṣí sílẹ̀ náà yí jáde, ó dìde. Kò bo orí, kò wọ bàtà, ó bọ́ sínú òjò. Mo ju ayùn sílẹ̀, mo tẹ̀ lé e. Ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀ ló kọrí sí. Gbogbo ilé ló ṣókùnkùn lójú ọ̀nà, òjò ń lu páànù, n kò rí ẹnì kankan níta. Mo fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láàárín wa. Mo mọ̀ pé ó lè kórìíra mi títí ayé. Ẹni tó bá wà láàyè ló ń kórìíra èèyàn.

A ti kọjá ṣọ́ọ̀bù Díẹ̀díẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi. Mọ́tò. Mo mọ ohùn rẹ̀ dáadáa, èmi ni mo tú u, èmi ni mo tò ó. Ó gbéra, ó kígbe díẹ̀, ó wọ inú igi, ohùn rẹ̀ wá wúwo.

Ìyàwó dúró. Ó yíjú sí mi, omi ń ṣàn lójú rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ gbọ́?"

"Òjò ni," mo ní. "Máa lọ."

Ó wò mí títí. Mo dúró síwájú rẹ̀, mo fi ara dí ọ̀nà tí a gbà wá, n kò sì wẹ̀yìn. Ó tún yíjú, ó ń lọ. Mo tẹ̀ lé e títí ìyá rẹ̀ fi ṣílẹ̀kùn, tó fà á wọlé ní apá, tó sì nawọ́ sí èmi náà.